Ìjọba Àjùmọ̀ní ní Bẹ̀nẹ̀ àti Ìṣirò Owó Ìlú, 1972 sí 1990

Láàrin ọdún 1974 sí 1989, orílẹ̀-èdè tó múlé gbe Nàìjíríà ní ìwọ̀-oòrùn, èyí tí ọ̀pọ̀ ará Èkó kàn ń pè ní Kútọ̀nù nítorí ìlú ibẹ̀ tí wọ́n mọ̀ jù, wà lábẹ́ ìjọba tó kéde fún gbogbo ayé pé ètò àjùmọ̀ní ni òun ń tẹ̀ lé. Ètò àjùmọ̀ní, tí àwọn olóṣèlú ń pè ní sósíálíìsì, ni ètò tó gbà pé kí ilẹ̀, ilé iṣẹ́ ńlá, báńkì àti àwọn ohun mìíràn tí ọrọ̀ ti ń jáde wà ní ìkáwọ́ ìjọba lórúkọ gbogbo ará ìlú, kí èrè wọn má baà bọ́ sápò ènìyàn díẹ̀. Ẹ̀ka tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yàn nínú ètò náà ni ti Marx àti Lenin, èyí tó fi àkóso ìlú lé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo lọ́wọ́, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀. Ohun tí ìjọba yìí ṣèlérí ju oúnjẹ àti iṣẹ́ lọ, nítorí ó ṣèlérí ìwà pẹ̀lú: ó ní rìbá, ìkówójẹ àti ojúsàájú tó ti ba ìjọba àwọn tó ṣáájú jẹ́ yóò di ohun ìgbàgbé. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 1989 fi máa parí, àwọn báńkì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti lo oṣù púpọ̀ láìgba owó, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò tẹ̀ lé ọ̀nà Marx àti Lenin mọ́.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí ẹni tó ń gbé Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó. Ẹni tó bá ti Ìkòtún tàbí Ìgàndó gba ọ̀nà LASU já sí Ìyànà Ìbà ti bọ́ sójú ọ̀nà Bàdágìrì, èyí tó lọ tààrà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ọjà tó sì ń gba ọ̀nà náà wọlé, ìrẹsì, aṣọ àti ọkọ̀ tòkunbọ̀, ti pẹ́ nínú ọjà gbogbo ìwọ̀-oòrùn Èkó. Lódì kejì ẹnubodè yẹn, Yorùbá ni ará Kétu, Ṣábẹ̀, Ìpọ̀bẹ́ àti Ṣakété, Yorùbá sì pọ̀ ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Orí ilẹ̀ Yorùbá náà ni wọ́n kọ́ méjì lára àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ìjọba àjùmọ̀ní fi ń yangàn sí. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn kan gbogbo ìlú tó ní àpò owó kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ni: ohun tó ń ṣọ́ owó náà ni agbára tí ẹlòmíràn ní láti béèrè ìṣirò lọ́wọ́ ẹni tó ń ná an. Ìjọba tó bá gba agbára yìí kúrò lọ́wọ́ ará ìlú ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè, bí ète rẹ̀ ti wù kó dára tó.

Ìlérí àwọn ológun

Dàhòmì ni orúkọ orílẹ̀-èdè náà nígbà tó gba òmìnira lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ 1 oṣù Ògún, 1960. Fún ọdún 12 tó tẹ̀ lé e, àwọn olóṣèlú mẹ́ta ló ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́: Hubert Maga tí àwọn ará àríwá ń tì lẹ́yìn, Justin Ahomadégbé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Àgbómè, àti Sourou Migan Apithy tí Àjàṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀. Bí ẹnìkan nínú wọn bá dé ipò, àwọn ènìyàn agbègbè rẹ̀ ni yóò fi iṣẹ́ ìjọba tọ́, àwọn méjì yòókù yóò sì máa wá bí ìjọba náà yóò ṣe wó. Àwọn ológun fipá gba ìjọba ní 1963, 1965, 1967 àti 1969, débi pé àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í pe orílẹ̀-èdè náà ní ọmọ aláìsàn Áfíríkà. Ní 1970, wọ́n ṣe àdéhùn tó ṣàjèjì, pé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà nínú ìgbìmọ̀ kan, kí oníkálukú sì ṣe olórí fún ọdún méjì méjì. Maga lo tirẹ̀ tán, ó sì gbé e fún Ahomadégbé ní 1972, ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí Ọ̀gágun Mathieu Kérékou àti àwọn ọ̀dọ́ ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà, 1972. Ìwà ìbàjẹ́ àti ìjà àjàkú-akátá àwọn olóṣèlú wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí pé ó mú àwọn ṣe ohun tí wọ́n ṣe.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú ọdún kan náà, ìjọba tuntun náà gbé ètò rẹ̀ jáde, èyí tó ní kí orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé agbára ara rẹ̀ kó tó gbójú lé òkèèrè. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ní Àgbómè, Kérékou kéde pé ètò àjùmọ̀ní ni ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè yóò tọ̀, àti pé ìlànà Marx àti Lenin ni yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Nígbà tí ọjọ́ 30 oṣù Bélú tún pé ní 1975, orúkọ Dàhòmì di Orílẹ̀-èdè Olómìnira Àwọn Ará Ìlú Bẹ̀nẹ̀, tí a kò gbọdọ̀ ṣì mú fún ìlú Bìní ti àwọn Ẹ̀dó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní PRPB, ìyẹn ẹgbẹ́ ìyípadà tegbòtigàgá ti àwọn ará ìlú Bẹ̀nẹ̀. Ìwé ìròyìn ìjọba gba orúkọ tuntun ní èdè Fọ̀n, Ehuzu, èyí tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba gba báńkì, iṣẹ́ adójútòfò, títa epo bẹntiróòlù, omi ẹ̀rọ, iná mànàmáná, ilé ọtí bíà àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ ń darí sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Òdodo ìtàn béèrè pé kí a má fi ojú ẹ̀gàn wo gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn Faransé àti oníṣòwò àjèjì ló di ọrọ̀ ajé náà mú nígbà tí wọ́n dé, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì yọ̀ nígbà tí báńkì àti epo di ti orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i. Ìfipágbàjọba tó ti di àṣà dáwọ́ dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà, tí Bob Denard ọmọ ilẹ̀ Faransé ṣáájú wọn, kọlu Kútọ̀nù ní ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1977, tí wọ́n sì padà lọ lọ́wọ́ òfo. Ìkọlù yìí fi hàn pé ọ̀tá tí ìjọba ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lóòótọ́. Ó tún fún ìjọba ní àwíjàre tó fi lè máa pe ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ní ọ̀tá.

Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1977 ló fi ìdí ètò náà múlẹ̀. Ó ní ẹgbẹ́ PRPB ni yóò máa darí ìjọba, ó sì dá ilé ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 336, tí wọ́n ń pè ní kọmíṣọ́nnà àwọn ará ìlú. Nígbà ìdìbò 1979, orúkọ tí ẹgbẹ́ ti tò sílẹ̀ nìkan ló wà níwájú olùdìbò, ohun tó sì kù fún un ni kó gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Nípa báyìí, ẹgbẹ́ kan náà ló ń yan ọ̀gá báńkì, òun ló ń yan aṣòfin tó yẹ kó béèrè ohun tí ọ̀gá báńkì ń ṣe, òun ló ni ìwé ìròyìn tó yẹ kó kọ ọ́ síta, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó yẹ kó pariwo. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní àwọn ibi iṣẹ́ láti dáàbò bo ìyípadà náà, kí wọ́n sì ṣọ́ àwọn tó fẹ́ bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ti ń gba àṣẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Kò pẹ́ tí ètò yìí fi bá ìdánwò pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, ọ̀rọ̀ oníṣòwò àjèjì kan tó ń jẹ́ Kovacs gba ìlú kan, wọ́n sì ń sọ pé owó ìlú ti bá àdéhùn tí ìjọba bá a ṣe lọ. Kápútẹ́ẹ̀nì Janvier Assogba, tó jẹ́ mínísítà tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, fi ẹ̀sùn kan ààrẹ fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbìyànjú láti kó àwọn ológun jọ kí wọ́n lè yọ ọ́. Ìgbìyànjú náà já sí asán. Wọ́n mú Assogba, wọ́n dá a lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ dojú ìjọba dé, ó sì lo ọdún púpọ̀ lẹ́wọ̀n. Ní oṣù Òkúdu ọdún náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ yìnbọn pa Kápútẹ́ẹ̀nì Michel Aïkpé, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn gan-an. Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ìwà àìtọ́ nínú ilé ààrẹ ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó bọ́ síta ní Kútọ̀nù kò gba àlàyé náà gbọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ Kovacs fún ẹni tó ń kọ ìtàn ìwà ìṣèlú ni ibi tí ẹ̀sùn náà gbà lọ. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá dúró tó lè gbé ìwé owó náà yẹ̀ wò ní gbangba, kò sí aṣòfin tó lè pe mínísítà wá rojọ́, kò sì sí ìwé ìròyìn tó lè tẹ ohun tí Assogba sọ àti èsì tí ààrẹ fún un sójú ewé kan náà. Nítorí náà, ọ̀nà ìbọn nìkan ló kù fún ẹni tó gbà pé owó ìlú ti sọnù, ọ̀nà ìbọn sì sọ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀. Bóyá òótọ́ ni ẹ̀sùn náà tàbí irọ́, kò sí ẹni tó ráyè wádìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá tú àṣírí ni yóò jìyà rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ìlú àti owó tó bá a lọ

Láti ìgbà náà lọ, iye ilé iṣẹ́ tí ìjọba ní ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà kan wà pé ẹni tó bá jáde ní yunifásítì yóò rí iṣẹ́ ìjọba gbà láìsí pé ó ń wá a kiri, wọn kò sì dá ìlànà náà dúró títí di àárín ọdún 1980 sí 1990. Ète rẹ̀ dára, nítorí pé ó gba ọmọ tálákà là lọ́wọ́ àìríṣẹ́ṣe, ṣùgbọ́n owó tó yẹ kí ó máa san owó oṣù wọ̀nyí kò sí nínú ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ náà ń ṣe jáde. Ẹni tí wọ́n bá fi ṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́ mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló gbé òun síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ló sì lè yọ òun, nítorí náà ẹgbẹ́ ni yóò máa tẹ́ lọ́rùn, kì í ṣe oníbàárà. Bí ilé iṣẹ́ bá jẹ gbèsè, báńkì ìjọba yóò yá a lówó. Ilé iṣẹ́ tí ohun ìní rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn wá di ohun àjẹìwẹ̀yìn, torí kò sí ẹnì kan pàtó tí yóò sọ pé owó òun ló bá a lọ.

Ọ̀nà tí èyí gbà ṣẹlẹ̀ hàn kedere nínú ìtàn ilé iṣẹ́ méjì tó wà nílẹ̀ Yorùbá. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Nàìjíríà, ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onígbólò, nítòsí Ìpọ̀bẹ́, àti ilé iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ̀, níbi tí wọ́n gbin ìrèké sí lórí ilẹ̀ tó gbòòrò. Nàìjíríà tó ń kọ́lé lọ́tùn-ún lósì ni wọ́n fojú sun gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò ra sìmẹ́ńtì àti ṣúgà náà, wọ́n sì kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n tó bá ìfojúsùn yẹn mu. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1982 àti 1983, ni owó epo ń já wálẹ̀. Nàìjíríà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde ní 1983, ìjọba ológun tó dé lẹ́yìn náà sì ti gbogbo ẹnubodè pa láti 1984 títí di 1986. Ilé iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ kò fi ìgbà kan sún mọ́ iye ṣúgà tí wọ́n kọ́ ọ láti máa ṣe, gbèsè tí wọ́n fi kọ́ ọ sì ń gorí ara rẹ̀ lọ́dọọdún.

Owó epo tó wálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ wà nínú pé ìpinnu tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kọjá láìsí ẹni tó lè béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí Nàìjíríà kò bá rà mọ́, tàbí tó lè béèrè ìdí tí wọ́n fi yan agbaṣẹ́ṣe báyìí tí wọ́n fi ẹlòmíràn sílẹ̀. Àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ di oko ìrèké kò ní ibi tó lè gbé ìbéèrè rẹ̀ lọ, nítorí pé ìgbìmọ̀ tó wà ní ìlú rẹ̀ pàápàá, ẹgbẹ́ ló ni ín. Bí ọjà tí ìjọba fẹ́ tà kò ti rí ọ̀nà kọjá mọ́, fàyàwọ́ di iṣẹ́ tó ń bọ́ ẹgbàágbèje ìdílé lódì méjèèjì ẹnubodè. Kò sí bí fàyàwọ́ ti lè gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn kan lára àwọn aṣọ́bodè ń gba owó ẹ̀yìn, ará Bẹ̀nẹ̀ nínú wọn àti ọmọ Nàìjíríà.

Báńkì tó gbẹ

Inú báńkì ni àìsàn náà ti wá já sí ikú. Mẹ́ta ni báńkì tí ìjọba ní: báńkì ìṣòwò tí wọ́n ń pè ní BCB, báńkì ìdàgbàsókè tí wọ́n ń pè ní BBD, àti CNCA tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa yá àwọn àgbẹ̀ lówó. Ọwọ́ wọn ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, owó àwọn oníṣòwò àti owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ wà. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹni tó fẹ́ yá owó yóò mú ìdógò wá, ìyẹn ilé, ilẹ̀ tàbí ọjà tí báńkì lè tà bí kò bá rí owó rẹ̀ gbà padà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wá yáwó bá jẹ́ ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́, tàbí oníṣòwò tí ẹni ńlá rán wá, ọ̀gá báńkì tó bá béèrè ìdógò ń fi ipò rẹ̀ ṣeré. Owó náà yóò jáde, kò ní padà, síbẹ̀ wọn yóò ṣì máa kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìní báńkì, wọn yóò sì máa fi èlé rẹ̀ lé e lórí lọ́dọọdún. Báyìí ni ìwé báńkì ń sanra nígbà tí àpótí owó ń gbẹ.

Ohun kan wà tó mú kí ọ̀rọ̀ náà hàn síta ní Bẹ̀nẹ̀ kíákíá ju bí ì bá ti hàn ní Nàìjíríà lọ. Owó sẹ́fà tí wọ́n ń ná níbẹ̀ jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, báńkì àpapọ̀ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Dákà ní Sẹ̀nẹ̀gàlì ló sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjọba Kútọ̀nù kò lè tẹ owó tuntun láti fi bo àlàfo mọ́lẹ̀. Nígbà tí owó tán, ó tán nìyẹn, ẹni tó sì mú ìwé owó rẹ̀ wá sí ojú kántà báńkì ní 1988 àti 1989 kò rí owó tó fi pamọ́ gbà.

Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń rántí ìparun yìí jù ni ti Mohamed Amadou Cissé, aáfáà tó wá láti orílẹ̀-èdè Málì, tó sún mọ́ Kérékou láàrin ọdún 1980 sí 1990, tó sì di olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ipò ńlá nínú ìjọba tún tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, owó báńkì BCB sì gba ọwọ́ rẹ̀ lọ sí òkèèrè. Ohun tó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ìjọba tó ti fi ọdún 1975 àti 1976 gbógun ti àwọn abọrẹ̀ àti àwọn arúgbó tí wọ́n ń pè ní àjẹ́, tó ní ìgbàgbọ́ àtijọ́ ń dí ìlọsíwájú lọ́wọ́, fi kọ́kọ́rọ́ àpò ìlú lé aáfáà ààrẹ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni òun fi ń ṣèlú kò ní ọ̀nà kankan tó lè fi dá olórí rẹ̀ dúró.

Nígbà tí owó kò sí mọ́, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1988, ó bá ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sesco-Gibraltar ṣe àdéhùn pé òun yóò gba pàǹtí olóró, ìyẹn ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ tó lè pani lára, láti òkèèrè. Iye rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 5 tọ́ọ̀nù lọ́dún, owó tí Bẹ̀nẹ̀ yóò sì gbà lórí tọ́ọ̀nù kan kò ju dọ́là méjì ààbọ̀ lọ. Ọdún náà gan-an ni wọ́n rí pàǹtí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókò, ní agbègbè Niger Delta ní Nàìjíríà, tí ariwo sì sọ ní gbogbo Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, ìwé ìròyìn tí kì í ṣe ti ìjọba pariwo ọ̀rọ̀ náà, kò sì pẹ́ tí ìjọba ológun ibẹ̀ fi ṣe òfin tó ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ọ̀daràn. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, àwọn ará òkèèrè ló sì kọ́kọ́ sọ fún àwọn ará ìlú pé wọ́n fẹ́ sọ ilẹ̀ wọn di ààtàn.

Ọdún ìbéèrè

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ọ̀tá ètò àjùmọ̀ní nìkan ló ta ko ìjọba yìí. Láti 1977 ni ẹgbẹ́ kọ́múníìsì kan tó fi Dàhòmì sínú orúkọ rẹ̀, PCD, ti ń ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń sọ ni pé àwọn tó wà nípò ti fi orúkọ òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀ bo ìkówójẹ mọ́lẹ̀. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n láìgbé wọn lọ sílé ẹjọ́, títí dé Ségbana ní àríwá. Ìyà tí wọ́n jẹ fi hàn pé ẹni tó gba ètò náà gbọ́ tọkàntọkàn pàápàá kò lè béèrè ìṣirò lábẹ́ rẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1989 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ tí ìjọba jẹ lówó oṣù púpọ̀ sì darapọ̀ mọ́ wọn. Ní oṣù Òkúdu, ìjọba bá àjọ IMF àti Báńkì Àgbáyé ṣe àdéhùn láti dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò gbà pé àwọn tó ba owó jẹ́ lè tún un ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀pẹ, 1989, ìjọba kéde pé ìlànà Marx àti Lenin kò sí mọ́, ó sì gbà kí wọ́n pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè. Àpérò náà wáyé ní Kútọ̀nù láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Èrèlé, 1990. Àwọn aṣojú tó tó nǹkan bí 500 ló wá: olùkọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò, olórí ẹ̀sìn, ológun, àti àwọn tó ti òkèèrè dé. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà, Isidore de Souza, ló jókòó gẹ́gẹ́ bí alága. Ìpinnu tó yí gbogbo nǹkan padà ni èyí tí wọ́n ṣe pé ohun tí àpérò náà bá sọ ni abẹ gé, tí kò sí ẹni tó lè yí i padà, ààrẹ pẹ̀lú. Rédíò gbé ọ̀rọ̀ wọn dé gbogbo ilé, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún 17 ni àwọn ará ìlú sì gbọ́ tí wọ́n ń dárúkọ báńkì àti àwọn tó kó o jẹ ní gbangba. Kérékou gbà, wọ́n sì yan Nicéphore Soglo, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, láti ṣe olórí ìjọba títí di ìdìbò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, 1991, Soglo fi ìbò borí Kérékou, ìjọba sì gba ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì láìsí ìbọn.

Ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù Ọ̀pẹ, 1990 kọ ẹ̀kọ́ ọdún wọ̀nyẹn sílẹ̀. Abala 35 rẹ̀ ní kí ẹni tó bá di ipò ìlú mú fi ẹ̀rí ọkàn, ìmọ̀ṣẹ́ àti òtítọ́ ṣe é. Abala 52 ní kí ààrẹ àti àwọn mínísítà kọ gbogbo ohun ìní wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde, kí wọ́n sì fi í fún ẹ̀ka ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó ń ṣàyẹ̀wò owó. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún Cissé ní 1992. Kérékou ní tirẹ̀ gba ààbò kúrò lọ́wọ́ ẹjọ́, nítorí àwọn tó ń tún ìlú ṣe gbà pé àlàáfíà ṣe pàtàkì ju ẹ̀san lọ. Ó fi ìbò padà sípò ní 1996, ó sì lo ọdún 10 kó tó kúrò ní 2006. Ìgbà yìí, ilé ẹjọ́ tó dá dúró, alátakò àti ìwé ìròyìn wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, ìdájọ́ náà fi gbèsè kan sílẹ̀ tí wọn kò san, nítorí pé àjèjì tí wọ́n pè wọlé lọ sẹ́wọ̀n, ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un kò sì rojọ́.

Ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá

Àwọn ará ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà kò lè ka ìtàn yìí bí ẹni tí kò kàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń sọ̀rọ̀ ètò àjùmọ̀ní ti olóṣèlú ìbò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí 1970, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Adájọ́ G. B. A. Coker jẹ́ alága rẹ̀ ní 1962, láti yẹ ìwé àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò. Ìgbìmọ̀ náà ní owó tó wá láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ta kòkó fún àwọn àgbẹ̀ gba inú ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ NIPC bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́, ó sì di ẹ̀bi náà ru Awólọ́wọ̀ nígbà tó dá S. L. Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ti di alátakò rẹ̀, láre. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìjà òṣèlú ló bí ìwádìí náà, wọ́n sì ní ìdí láti rò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní gbangba, wọ́n tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde, ẹni tó bá sì fẹ́ lè kà á kó sì jiyàn pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí lórí ọ̀rọ̀ Kovacs.

Láti 1979 sí 1983, ẹgbẹ́ UPN ti Awólọ́wọ̀ tún gbé ètò kan náà dé ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Gómìnà Lateef Jákàńdè: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn, àti ìdàgbàsókè ìgbèríko. Àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ́ nígbà náà ṣì wà ní Abẹ̀sán ní Ìpájà, nínú Alímọ̀ṣọ́ gan-an, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀rí pé owó ìlú lè di ilé fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ bí ojú ọ̀pọ̀ bá wà lára rẹ̀. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ mìíràn wà, ìwé ìròyìn ń kọ ohun tó bá wù wọ́n, ìdìbò sì ń bọ̀. Nígbà tí àwọn ológun dé ní òpin 1983, wọ́n gbé àwọn gómìnà lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀, débi pé ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kọ̀ láti bá wọn kópa. Wọ́n dá Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin ti ìpínlẹ̀ Oǹdó láre, síbẹ̀ wọn kò tú u sílẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ológun Nàìjíríà gbà gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ jọ ti Kútọ̀nù lọ́nà kan tó burú: àwọn tó ń béèrè ìṣirò kò gbà kí ẹnikẹ́ni béèrè ti ara wọn.

Ìdájọ́ tí ìtàn fi sílẹ̀

Àwọn kan máa ń sọ pé ètò àjùmọ̀ní fúnra rẹ̀ ló bí ìwà ìbàjẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, torí pé ohun gbogbo ènìyàn kì í ní olùtọ́jú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní àkókò kan náà kò jẹ́ kí ìdájọ́ yẹn dúró, nítorí pé níbi tí báńkì aládàáni àti oníṣòwò olómìnira wà, wọ́n kó owó epo jẹ lọ́pọ̀ yanturu. Àwọn mìíràn ní àwọn ènìyàn burúkú ló ba ètò rere jẹ́, ìdájọ́ yẹn náà kò sì tó, nítorí pé ètò tó dára ni èyí tó mọ̀ pé ènìyàn burúkú yóò dé, tó sì ti pèsè sílẹ̀ dè é. Ohun tí ìwé ìtàn Bẹ̀nẹ̀ fi hàn ni pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ kan di olówó, aṣọ́wó àti adájọ́ lórí owó náà ni olè jíjà ti bẹ̀rẹ̀, kódà kí ẹnikẹ́ni tó mú kọ́bọ̀.

Láti 1979 ni ìwé òfin Nàìjíríà ti ní kí àwọn tó di ipò ìlú mú kọ ohun ìní wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kì í sábà rí ohun tí wọ́n kọ, ìkọ̀kọ̀ sì ni ìṣirò tí kò bá hàn síta ń gbé. Alímọ̀ṣọ́, tí wọ́n pín sí ìjọba ìbílẹ̀ kan àti àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè márùn-ún láti 2003, ní ọ̀pọ̀ àpò owó tó sún mọ́ ènìyàn ju ti Àbújá lọ: owó ọjà, owó ibùdókọ̀, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ẹ̀tọ́ ará Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìkòtún ni láti mọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà lọ. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ fi ebi, ẹ̀wọ̀n àti ọdún 17 ra ẹ̀tọ́ yìí padà nínú gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀nù, àwọn tí kò tíì pàdánù rẹ̀ pátápátá kò sì ní àwíjàre kankan fún àìlò ó.